Ẹ̀yìnkùlé Kékeré, Igi Púpọ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Lílọ́ Igi fún Ẹni Tí Ilẹ̀ Rẹ̀ Ò Tó

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ rèé níbi ìpàdé àwa tá à ń gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé, n'Íbàdàn. Àwọn kan tí ò ráàyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bó ṣe jáde lẹ́nu mi náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ní ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé! Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fi oorun àárọ̀ Sátidé sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ igi, ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Òjò àná náà ṣe wá lóore, ó bọ́ sásìkò, ẹ máa rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní nǹkan kan. Ta ni ilẹ̀ ẹ̀ ju pùlọ́ọ̀tì kan lọ níbí? Ẹ nawọ́. Mo rí mẹ́ta. Àwọn tó ń gbé lórí háàfù pùlọ́ọ̀tì ńkọ́? Háà, ẹ wo ọwọ́! Àwọn tó rẹ́ǹtì ńkọ́, tó jẹ́ pé ibi tóóró tó wà láàárín ògiri ilé àti fẹ́ǹsì nìkan ni landlọ́ọ̀dù gbà yín láyè láti gbé ike sí? Ẹ ṣeun, ẹ sọwọ́ kalẹ̀. Ẹ̀yin gan-an ni mo torí ẹ̀ wá.

Torí gbogbo ìgbà tí mo bá ti sọ pé igi ni mò ń lọ́, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé "ìyá, ilẹ̀ dà?" Ilẹ̀ dà. Èmi náà sọ ọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko kí n tó là ojú. Ohun tí mo wá sọ lónìí ò pọ̀: àyè tí igi ń gbà, ilẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ orí igi náà àyè ni, ọjọ́ tí igi fi wà lójú kan náà àyè ni. Ilẹ̀ nìkan là ń kà, àwọn méjì yòókù la fi ń ṣòfò.

Kí ni lílọ́ igi ná?

Mi ò ní pẹ́ níbí, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ̀ ọ́n. Lílọ́ igi, táwọn míì ń pè ní gíráfù, ni kéèyàn mú ẹ̀ka igi kan tó ń so dáadáa, kó gé e, kó sì fi mọ́ ara ìdí igi míì tó ti ta gbòǹgbò, kí àwọn méjèèjì jọ di igi kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka Bíbélì ti pàdé ẹ̀ rí nínú ìwé Róòmù orí 11, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ka igi ólífì. Èyí tó wà nísàlẹ̀, màá máa pè é ní ìdí. Èyí tá a fi sórí, màá máa pè é ní ọmọ ẹ̀ka.

Ibi tí àṣírí ẹ̀ wà rèé: tẹ́ ẹ bá bó èèpo igi tútù, ẹ máa rí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀ tó tutù, tó ń yọ̀, tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ló máa ń dàgbà. Ti ìdí gbọ́dọ̀ kan ti ọmọ ẹ̀ka. Tí ọmọ ẹ̀ka bá tín-ín-rín ju ìdí lọ, ẹ má fi sí àárín gbùngbùn kí ó lè rẹwà, ẹ sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí èèpo bá èèpo mu lápá ibẹ̀. Apá kan péré tó bá fara kanra dáadáa, á mú.

Kí nìdí tó fi kan àwa tí àyè wa ò tó? Máńgòrò tí wọ́n fi kóró gbìn lè gbà tó ọdún mẹ́fà, méje, mẹ́jọ kó tó so, ó sì lè ga kọjá ilé alájà méjì kó máa ju ewé sórí páànù àwọn ará àdúgbò. Èyí tá a lọ́, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ló ti ń so, torí pé orí igi tó ti dàgbà la ti gé ọmọ ẹ̀ka ẹ̀ wá, àgbà ló jẹ́ láti ọjọ́ tó dé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹni tó ní àyè igi kan ṣoṣo, ṣé ó lè fi ọdún mẹ́jọ dúró de igi tí kò mọ irú èso tó máa mú wá?

Ọ̀rọ̀ kìíní: ẹ gbójú sókè

Àwọn àgbà ló ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Àmọ́ àwa ará ìgboro, ilẹ̀ là ń wò, a kì í wòkè.

Èèyàn fẹ́ ọsàn mímu, ó fẹ́ tánjarín, ó fẹ́ gírépù, ó fẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́ tí yóò máa fún sí àgbo. Ó ní igi mẹ́rin nìyẹn. Tó bá jẹ́ oko ni, nǹkan bíi mítà mẹ́fà sí méje ló yẹ kó wà láàárín igi ọsàn kan àti èkejì, ẹ wá gbé igi mẹ́rin bẹ́ẹ̀ sórí háàfù pùlọ́ọ̀tì, ibi tí mọ́tò ń dúró sí ti lọ, ibi tẹ́ ẹ ń sá aṣọ ti lọ, gbòǹgbò ti ń wá sókáwè bọ̀. Ṣé igi mẹ́rin lẹ fẹ́ ni, àbí èso mẹ́rin? Gbogbo àwọn ọsàn wọ̀nyẹn, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, wọ́n á gba ara wọn. Ìdí kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kó yọ ẹ̀ka mẹ́rin, kí ẹ lọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀ka tirẹ̀. Igi kan kì í dágbó ṣe, òótọ́ ni, àmọ́ igi kan lè dá àwo èso ṣe.

Ẹ máa rántí pé mọ̀lẹ́bí ni mo sọ o. Máńgòrò ò lè mú lára ọsàn láéláé, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun rí i, ẹ má fún un lówó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti máńgòrò ìyá mi. Ní ẹ̀yìnkùlé wọn, igi máńgòrò kan wà níbẹ̀ látìgbà tí mo ti wà ní pámárì, olókùn ni, ẹ jẹ ẹ́ tán ẹ máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yọ ọ́ léyín. Igi yìí gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé, kò sí ohun tó hù lábẹ́ ẹ̀. Àwọn àbúrò mi ní ká gé e lulẹ̀. Màmá ní rárá, pé abẹ́ ẹ̀ ni bàbá wa máa ń jókòó sí. Wọ́n fẹ́ jà. Ni mo bá ní kí wọ́n fún mi ní ọdún mẹ́ta.

A gé igi yẹn lulẹ̀ dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, a fi ẹ̀ka kan ṣoṣo sílẹ̀ lápá ọ̀nà fẹ́ǹsì kí ó máa bọ́ gbòǹgbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ẹ̀ka kan yẹn, tẹ́ ẹ bá gé gbogbo ewé igi àgbà lẹ́ẹ̀kan náà ó lè kú lọ. A fi ọ̀dà funfun olómi kun ara ẹ̀ kí oòrùn má bàa la èèpo ẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹ̀ka tuntun yọ bí irun orí ọmọ tuntun, a yọ ọ̀pọ̀ dànù, a fi mẹ́fà sílẹ̀ níbi tó ti jìnnà síra, nígbà tí wọ́n tó pẹ́ńsùlù la wá lọ́ irú máńgòrò mẹ́ta mọ́ wọn: ọ̀kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀kan Julie, ọ̀kan Kent. Méjì kú. Mẹ́rin mú. Nígbà tí àwọn mẹ́rin ti dúró dáadáa la tó gé ẹ̀ka olókùn àtijọ́ yẹn kúrò.

Ọdún kẹta ló so. Màmá ń fi ọwọ́ já a láti ilẹ̀, wọn ò lo ọ̀pá, wọn ò pe ọmọ kankan kó gùn ún. Àga bàbá wa ṣì wà lábẹ́ ẹ̀. Àyè wá ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ débi pé wọ́n gbin ewédú àti ata síbẹ̀. Mo máa ń fẹ́ sunkún tí mo bá ń sọ ìtàn yìí, ẹ má bínú.

Ẹ ò gbàgbọ́ pé igi kan lè gbé irú mẹ́ta, mẹ́rin? Ọkùnrin kan wà ní Íńdíà, Kaleem Ullah Khan, ní ìlú Malihabad nítòsí Lucknow, igi máńgòrò kan ṣoṣo ló lọ́ irú máńgòrò tó ju 300 mọ́. Igi kan! Ìjọba Íńdíà fi oyè Padma Shri dá a lọ́lá ní 2008. Ní Amẹ́ríkà náà, Sam Van Aken, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Syracuse, ń lọ́ irú èso 40 mọ́ igi kan, àwọn èso olókùúta nínú bíi píìṣì. Ohun tó tì í síbẹ̀ ló wọ̀ mí lọ́kàn: wọ́n fẹ́ pa oko èso àtijọ́ kan tì ní ìpínlẹ̀ New York, irú èso tó wà níbẹ̀ pọ̀ gan-an, kò sì sí bó ṣe lè rí ilẹ̀ gbin gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bá kó wọn sórí igi. Ẹ̀yin náà ẹ ronú nípa agbálùmọ̀ dídùn tí màmá àgbà yín ní lábúlé, tó jẹ́ pé ẹni tó ra ilẹ̀ yẹn ti ń mú kátapílà bọ̀. Ọmọ ẹ̀ka mẹ́ta nínú náílọ́nù ló tó láti gbà á là.

Ìkìlọ̀ kan kí n tó kúrò níbẹ̀. Tí irú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá wà lórí igi kan, wọ́n máa ń jẹun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti lẹ́móònù lágbára, tẹ́ ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ wọ́n á bo tánjarín mọ́lẹ̀ láàárín ọdún méjì. Ẹ máa gé èyí tó lágbára léraléra, kí ẹ sì fi èyí tí ò lágbára síbi tí oòrùn ti ń kàn án jù. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán apá kì í ká a mọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì: ibi tóóró ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa lọ́ igi tà ni èyí kàn jù. Nọ́sìrì tèmi, ibi tí mo ti ń tọ́jú igi tí mo lọ́, tó ń san owó iléèwé ọmọ, ẹ mọ bó ṣe tóbi tó? Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní fífẹ̀, mẹ́wàá ní gígùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pólíbáàgì, àpò náílọ́nù tá a ń gbin igi sí, tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́fà, mẹ́jọ á jókòó ní ìbú, ogún á jókòó ní gígùn, ọgọ́jọ nìyẹn, 160, láàárín ògiri kíṣìnnì àti fẹ́ǹsì.

Kí ló dé tí mo fi ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin? Torí ọwọ́ mi. Tí mo bá dúró lápá kan, ọwọ́ mi ń dé àárín, tí mo bá yí sí apá kejì, ó ń dé àárín. Tó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa ní láti wọ àárín wọn, ẹ ó máa fi aṣọ kọ́ ọmọ ẹ̀ka tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ so, gbogbo iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Ọ̀nà tí mò ń gbà, ìbú ẹsẹ̀ mi kan ni. Lókè wọn, àwọ̀n dúdú tó ń dín oòrùn kù ni mo ta, ẹni tí ò bá ní owó àwọ̀n, imọ̀ ọ̀pẹ ń ṣe é dáadáa. Lábẹ́ wọn, mo fi búlọ́ọ̀kù gbé pákó sókè ní apá kan, abẹ́ pákó yẹn ni mò ń kó yẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà sí.

Àmọ́ ibi tí mo ti ń jèrè gan-an, ọjọ́ ni. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Tẹ́ ẹ bá gbin kóró máńgòrò, tẹ́ ẹ dúró kó tó pẹ́ńsùlù kẹ́ ẹ tó lọ́ ọ, ó lè jókòó síbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, oṣù mẹ́jọ, àyè báàgì yẹn ò ṣe nǹkan kan. Àwọn ará Íńdíà ní ọ̀nà míì tí mo ti kọ́. Wọ́n máa ń lọ́ ọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tó yọrí, tí ara ẹ̀ ṣì pupa bíi bàbà, tí kóró ṣì wà nídìí ẹ̀ tó ń fún un lóúnjẹ. Ẹ gé orí ẹ̀, ẹ la àárín ẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹnu ọmọ ẹ̀ka bí ẹnu ààké, ẹ kì í bọ̀ ọ́, ẹ so ó. Ó gba ọwọ́ rírọ̀ o, torí ó rọ̀ bí ẹ̀fọ́. Àmọ́ báàgì tó ń gbé igi kan lọ́dún tẹ́lẹ̀ ti ń gbé méjì báyìí.

Kóró máńgòrò kì í pẹ́ kú. Ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ jẹ ẹ́ náà ni kí ẹ bó èèpo líle ẹ̀ kí ẹ sì gbìn ín, ẹni tó bá sá a sórí ògiri di oṣù tó ń bọ̀, igi ìdáná ló ń sá.

Ọmọ ẹ̀ka náà ní ìmúrasílẹ̀ tirẹ̀. Ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ṣáájú kí n tó gé e, màá já gbogbo ewé orí ẹ̀, màá fi igi ewé díẹ̀ sílẹ̀, kí ojú ẹ̀, ibi tí ewé tuntun ti ń yọ, lè wú, kó ti máa múra àti yọ. Ẹni bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Lẹ́yìn tí mo bá so ó, mo máa ń fi náílọ́nù gígùn wẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ta áìsì-kírímù bo orí ẹ̀, kí omi inú ẹ̀ má fò lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, ẹ máa rí i tí ojú ẹ̀ ń là. Tó bá ti yọ ewé kí ẹ ṣí i, ní ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn má ṣe bá a lójijì.

Ẹ rí i pé mo ní òjò àná ṣe wá lóore. Àsìkò tí òjò bẹ̀rẹ̀ yìí, igi ń mu omi, èèpo ọsàn ń ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ lè kì ojú igi kan ṣoṣo bọ abẹ́ ẹ̀ kí ẹ sì so ó, ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ẹ tú u, tó bá ṣì tutù ó ti mú nìyẹn. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má dán an wò. Mo pàdánù ọgọ́rin igi lọ́dún kan torí mo ń kánjú, ọyẹ́ fà wọ́n gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ kẹta: ilẹ̀ tí ò lè sinmi

Ẹni tó ní oko ńlá, tí àrùn bá wọ ibì kan, á ṣí lọ síbòmíì. Àwa ńkọ́? Ibi tá a gbin tòmátì sí lọ́dún tó kọjá náà la máa gbìn ín sí lọ́dún yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí i ẹ máa mọ̀ ọ́n: tòmátì á máa dán, á ti yọ òdòdó, ẹ dé níbẹ̀ lọ́sàn-án, ó ti rọ bí ẹ̀fọ́ inú omi gbígbóná, kò sì ní dìde mọ́. Ẹ da omi, ó kú. Ẹ da ajílẹ̀, ó kú. Àrùn inú ilẹ̀ ni, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ lọ́ tòmátì mọ́ ìdí ìkàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ìkàn, mọ̀lẹ́bí tòmátì ni. Ilé ìwádìí ewébẹ̀ àgbáyé tó wà ní Taiwan ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́nà yìí tipẹ́, irú ìkàn tí wọ́n ń lò ni EG195 àti EG203, torí gbòǹgbò wọn ń gba àrùn yẹn dúró, wọ́n sì ń fara da ẹrẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìkàn ọjà ló le bẹ́ẹ̀ o, ẹ dán díẹ̀ wò kí ẹ tó gbìn púpọ̀. Ẹ gbin ìkàn ṣáájú tòmátì ní ọjọ́ díẹ̀ torí ó máa ń lọ́ra. Ike strọ́ọ̀ tí wọ́n fi ń mu míníràlì, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ la ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, òun lẹ máa fi mú ojú ibẹ̀ pọ̀. Ẹ gbé wọn sínú ike tó ní ìdérí níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ wá máa ṣí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbìn ín, ibi tẹ́ ẹ ti lọ́ ọ gbọ́dọ̀ wà lókè ilẹ̀, torí tí yẹ̀pẹ̀ bá bò ó, tòmátì á ta gbòǹgbò tirẹ̀, àrùn á gba ibẹ̀ wọlé, iṣẹ́ asán nìyẹn.

Àwọn nǹkan tó ń ba ibi kékeré jẹ́

Bí igi bá fún pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àrùn ń gba ewé dé ewé. Ọdún àkọ́kọ́ mi, mo fún wọn pọ̀ bí èrò inú dánfó, òjò ọjọ́ mẹ́ta ló pa ìdajì. Abẹ mi náà, láti ìdí kan dé ìdí kejì, mo máa ń fi ọtí spírítì nù ún. Ẹ má rò pé ó pọ̀ jù, nínú nọ́sìrì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, abẹ ìdọ̀tí kan lè kan gbogbo ilé.

Ẹ kọ orúkọ sára igi. Pákó kékeré, ọ̀dà, ó tán.

Èyí tó dùn mí jù: mo ra ọsàn tí wọ́n lọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, mo fún un ní àyè kan ṣoṣo tí mo ní níwájú ilé, mo tọ́jú ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ó so. Lẹ́móònù kíkan ni, èèpo ẹ̀ rí kókókó. Ìdí ẹ̀ ló yọ ọmọ, tó bo èyí tá a lọ́, mi ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tó bá yọ lábẹ́ ibi tá a ti lọ́ igi, ẹ já a kúrò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra igi tẹ́ ẹ mọ orísun ẹ̀, àwọn NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba lórí èso àti ewébẹ̀, ò jìnnà sí wa, Ìdí-Ìṣin ní Jẹ́ríkò ni wọ́n wà láti 1975, iṣẹ́ èso ni iṣẹ́ wọn.

Ó yá o. Mo ti gbé ìdí máńgòrò mẹ́rìnlélógún sórí tábìlì yẹn, wọ́n ṣì pupa bí mo ṣe sọ, ọmọ ẹ̀ka wà nínú aṣọ tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ewé wọn ti kúrò láti ọjọ́ Tọ́sìdé tó kọjá lọ́hùn-ún. Abẹ tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ibi tóóró ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, tẹ́ ẹ nawọ́ kẹ́yìn ní ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ fọ ọwọ́ yín níbi kẹ́ẹ̀gì yẹn, kí ẹ sì mú ọ̀kọ̀ọ̀kan.